Àwọn Ọba Róòmù Tí Mo Yọ́

Agbo Ilé Alágbẹ̀dẹ Fàdákà,
Ọ̀rányàn, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Agẹmọ, 1911.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Yésúfù,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ṣé ara le, ṣé òtútù ọ̀sà kò dà yín láàmú ní Èkó? Àlàáfíà ni a wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ ní kí n tọ́jú owó fàdákà márùn-ún tí ẹ rà lọ́wọ́ Àlàájì tó ti Mẹ́kà dé, pé òyìnbó ọ́fíìsì yín ní orí àwọn ọba Róòmù àtijọ́ ló wà lára irú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Mo ti yọ́ mẹ́rin.

Inú àpótí Bàbá ni ẹ tọ́jú wọn sí nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kúlúsúmù àbúrò wa ń relé ọkọ, mo wá ṣí àpótí náà láti mú òòlù kékeré tí Bàbá fi ń lu ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa, bàbá ìyàwó ló ń pèsè fàdákà ẹ̀gbà; bí bàbá kò bá sí mọ́, ọmọkùnrin àgbà ni. Mo rí fàdákà nínú aṣọ funfun. Kí ni ǹ bá rò? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti pèsè sílẹ̀ kó tó lọ. Mo tilẹ̀ yìn yín lójú gbogbo ará ilé.

Mo ti fi ẹ̀mú mú ìkarùn-ún lọ síbi iná nígbà tí ìyá wa ní kí n dúró. Wọ́n gbà á, wọ́n fi ìró nù ún, wọ́n ní, “Wo imú yìí. Àkíbù, bàbá rẹ rèé.” Mo wò ó, òótọ́ ni. Bí Bàbá ṣe máa ń fajú ro bí oníbàárà bá ń yọwó ju bó ṣe yẹ lọ náà ni.

Kúlúsúmù ní òun á bọ́ ẹ̀gbà náà kí n fi ránṣẹ́ sí yín. Fàdákà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ojú àwọn ọba yẹn kò lè padà mọ́. Ó dùn mí gan-an. Ẹ dárí jì mí.

Ọlọ́run yóò fi ẹ̀mí gígùn kẹ́ yín, ẹ ó rí ojú rere ọ̀gá yín, ẹsẹ̀ yín yóò sì mọ ọ̀nà ilé.

Èmi ni àbúrò yín tó ń bẹ̀ yín,
Àkíbù.

Àfikún: Mo fẹ́ fi ìkarùn-ún sínú lẹ́tà yìí, ìyá wa kò gbà. Abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n sì ń kí i láràárọ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó ni ín wá gbà á fúnra rẹ̀, pé ọdún mẹ́rin rèé tí àwọn ti fojú kan òun náà mọ.