Káńfọ̀ Inú Aṣọ Ọmọ

Ọkọ mi,

Mo délé wá mú aṣọ ara mi, mo bá ọ lójú oorun, mi ò fẹ́ jí ọ. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára, ojú rẹ̀ tó pọ́n sì ti ń mọ́ bọ̀.

Dókítà ní èròjà kan ló ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Ti ọmọ yìí ò tó, ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún ẹ̀. Káńfọ̀ tá a kó sáàárín aṣọ òtútù rẹ̀ ló mú kí sẹ́ẹ̀lì náà máa bẹ́. Jọ̀ọ́, kó gbogbo káńfọ̀ ilé yìí dànù, ti inú àpótí màmá náà, kó o fọ aṣọ ọmọ, kó o sá a sóòrùn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un lóògùn láìbi dókítà.

Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ lára wa. Gbogbo wa ní eyín ló ń hù, ìwọ nìkan lo ní ìtọ̀ ọmọ kì í dúdú bí tíì. Dókítà bi mí pé ta ló rí i, mo ní ọkọ mi ni. Ó ní kí n bá òun kí bàbá ọmọ. Mo ní rárá, àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mò ń wí.

Ó ti ń mu ọyàn. Tó o bá dé ọsibítù, ìwọ lo máa gbé e, èmi á jókòó máa wò yín.

Ìyàwó rẹ