Ariwo Jíà Bùọ̀dá Délé

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 2015

Mo ti gbé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Délé, padà sílé wọn ní Galadimawa, l'Ábújá, lónìí. Ìyàwó wọn kò mọ ọkọ̀ jíà ọlọ́wọ́, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ó gbọ́dọ̀ máa wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Málàm Sání, mẹkáníìkì ní Karmo, fi jíà ọ́tò tuntun, èyí tó ń yí ara rẹ̀, sínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ yẹn. Ihò bóòtù jíà náà àti ti ẹ́ńjìnnì kò bára mu rárá. Irin pẹlẹbẹ ló rọ sáàárín jíà àti ẹ́ńjìnnì. "Kai, Ọ̀gá, ó ti gbà!" ni Málàm wí. Ó ń lọ geere lóòótọ́.

Àmọ́ ìró ẹ́ńjìnnì Bùọ̀dá tí ọmọ wọn mọ̀ náà ṣì ni. Mi ò ro ìyẹn.

Bí mo ṣe yà sí àdúgbò wọn ni Tọ́lá, ọmọ wọn ọlọ́dún márùn-ún, sáré jáde. "Dádì ti dé!" Oṣù mẹ́rin rèé tí a ti sin Bùọ̀dá, àmọ́ wọ́n lọ sí ìrìn àjò la sọ fún ọmọ náà.

Ó dúró lójijì lẹ́nu géètì. Bí Bùọ̀dá bá fẹ́ wọlé, wọn a ti jíà bọ wáànù, ìyẹn jíà kìíní, á dún gbàgà. Ọkọ̀ kò dún bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ọ́ńkù, ta ló mú ariwo Dádì kúrò?"

Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Èmi ni. Dádì ti kú, Tọ́lá. Wọn ò ní padà wá mọ́."

Kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣì gbóná, kò sì gbé e kúrò títí ó fi tutù.