Adágún Méjì, N Ò Mọ Èyí Tí Màá Mú

Màámi,

Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún Dádì ti fúyẹ́? Èmi, Paige àti Cody wà dáadáa. Ìgbádùn là ń jẹ kiri Michigan nínú ọkọ̀ tí à ń sùn sí. Àmọ́ a fẹ́ dúró síbì kan, mi ò sì mọ èwo nínú ibùdó etí adágún méjì tí màá mú.

Adágún àkọ́kọ́ ní iyanrìn funfun, àwọn ọmọ sì ti ní àwọn ò lọ ibòmíì. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ti ẹ̀rọ omi ibẹ̀ pa tí òtútù bá ti mú. Ẹrẹ̀ ló kún etí èkejì, àmọ́ omi ń yọ níbẹ̀ jálẹ̀ ìgbà yìnyín. Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Lundgren tó ń bójú tó o bóyá bọ́ọ̀sì ilé ìwé máa ń dúró lẹ́nu géètì.

Ó ní, "Màdáámù, ọ̀rọ̀ ẹja làwọn tó wá gbafẹ́ máa ń bi mí."

"Àwa náà fẹ́ràn ẹja," ni mo fi dá a lóhùn.

Tí mo bá pinnu lálẹ́, ọkàn mi á tún yí láàárọ̀. Dwight, bàbá àwọn ọmọ, ì bá bá mi yàn án, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ pọ̀ fún un. Ẹ̀yin ì bá mú èwo?

Ẹ kí Dádì. Ẹ ní kí Àǹtí Verna má yà sílé wa mọ́. Àwọn tó ń gbébẹ̀ báyìí ti fi ọ̀dà míì kùn ún. À ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ nínú oṣù kọkànlá. Ẹ má wulẹ̀ tẹ́ ibùsùn fún wa, a máa gbé tiwa dání. Àga mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ fi kún tábìlì.

Ọmọ yín,
Noreen