Mo Gbé Ọkọ́ Lọ Síbi Ìsìnkú Ère Oníṣu

Mọ́rúfù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Àbíjàn? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Ìbọn tí a ń gbọ́ níhìn-ín, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Èmi wà. Orúnkún ń dùn mí, iṣu ń wọlé láti Djébonoua, àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ ṣì jókòó sí ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́ torí mo ti darúgbó jù. Sàbítù ọmọ Tàjúdínì ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Láti ìgbà tí àwọn olùkọ́ ìjọba ti sá lọ, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní òun ò lè fọwọ́ ara òun kọ ìyìn ara òun. Mo ní kó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àtàláátà mo ń kọjá ní àdúgbò Nimbo, mo bá Sàbítù àti àwọn ọmọ tó ń kọ́ nídìí ère obìnrin oníṣu tó wà ní ìkóríta. Wọ́n ń fi okùn wọn ère náà láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn méjì sì ń fi bébà funfun bò ó. Ẹni tí a bá fi okùn wọ̀n, tí a fi funfun bò, kí ló kù bí kò ṣe sàárè? Mo yára padà sí àdúgbò wa ní Koko, mo mú ọkọ́ àti tùràrí, mo pe Hamed tó ń gbẹ́ sàárè fún wa. A dé ibẹ̀, mo ní kí wọ́n fi ojú ilẹ̀ hàn wá, kí wọ́n sì rántí pé a kì í sin òkú láì wẹ̀ ẹ́.

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Hamed ní mo ti dójú ti òun, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ.

Sàbítù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ń bi ère náà ní ìbéèrè ni. Mo ní ṣé ó ń dáhùn? Ó ní ó ń dá ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lóhùn. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n lè fi amọ̀ mọ kékeré rẹ̀. Wọ́n tẹ́ bébà lé lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ẹ̀dú pa á, lẹ́tà náà sì jáde sórí bébà bí ẹni pé àánjọ̀nú ló kọ ọ́. Mọ́rúfù, ọgbọ́n ńlá ni! Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n wádìí ta ló ṣe ère náà tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo ní orúkọ tèmi náà kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gánà dé, èmi ni mo ru yanrìn rẹ̀, ìyá rẹ ló pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ramatou mú bírò, ó ní kí ni orúkọ ìyá náà. Mo ní Ìyá Mọ́rúfù. Ó ní orúkọ ọmọ nìyẹn, kì í ṣe orúkọ ìyá. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Láti ọjọ́ tí a ti bí ọ, n kò forúkọ pè é rí, títí ó fi kú lọ́dún tí ogun dé, tí ọ̀nà tì, tí o kò lè wá sin ín. Mo la ẹnu, mo ní Sẹ̀gilọlá.

Lọ́jọ́ kejì, Ramatou tẹ̀ lé mi dé ojú sàárè ìyá rẹ. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti tẹ́ bébà lé búlọ́ọ̀kù tí a fi síbi orí rẹ̀, ó fi ẹ̀dú pa á. Kò sí lẹ́tà kankan tó jáde, àfi àmì yanrìn. Ó yí bébà náà síwá sẹ́yìn, ó ní bóyá òun ni kò pa á dáadáa.

Nítorí náà, fi owó sìmẹ́ńtì ránṣẹ́, àti owó ẹni tó máa gbẹ́ orúkọ náà kó jìn. Ẹ̀dú wà níbí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o pẹ́ láyé jù mí lọ, kí àwọn ọmọ rẹ sì mọ orúkọ tí o ń jẹ́.

Bàbá rẹ ni. Ìbráímọ̀ ni orúkọ mi, tí ó bá jẹ́ pé o ti gbàgbé.