Ohùn tí Mo Gbé Pamọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá

Mo purọ́ fún aya mi, ó sì gbé irọ́ náà wọ sàréè. Kí n kọ ọ́ síbí.

Nígbà tí a lọ gba ọmọ wa lókè òkun, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ níbẹ̀ fi kásẹ́ẹ̀tì kan lé mi lọ́wọ́. Ògbufọ̀ ní ohùn ìyá tó bí i ló wà nínú rẹ̀, pé kí a máa jẹ́ kó gbọ́ ọ títí ilé wa yóò fi mọ́ ọn lára. Aya mi ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mi tẹ̀ ẹ́ ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ náà rákò kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó lọ bá ẹ̀rọ náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan sá pamọ́ síbẹ̀, ó wá na ọwọ́ sí i. Ó na ọwọ́ náà títí. Kò wojú mi mọ́.

Mo pa ẹ̀rọ náà. Nígbà tí aya mi jáde, mo ní kásẹ́ẹ̀tì náà ti bàjẹ́, pé ariwo lásán ló wà níbẹ̀. Ta ni yóò bá oníṣẹ́ rédíò tó ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì?

Ohun tó mú mi kọ ọ́ lónìí: ọmọ náà, tó ti dàgbà, tó ti lọ́kọ, tó sì gbà mí sí yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, gbé ọmọ tirẹ̀ dé láàárọ̀ yìí. Gbígbà ni òun náà gbà á. Láti orílẹ̀-èdè tí a ti gba òun gan-an. Ọkùnrin ni, kò tíì pé ọdún kan. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n rán wá yẹ iṣẹ́ wò, tí iṣẹ́ náà kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀gá sunkún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ó tún sunkún. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ọmọ mi gbé e yí pálọ̀ ká títí òòyì fi ń kọ́ èmi tí mo jókòó. (Jẹ́jẹ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. N kò tíì gbọ́ kó ti ilẹ̀kùn gbàmù rí.) Aránṣọ tó wà nílé kejì yọ orí lójú fèrèsé, ó ní ṣé à ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ ni. Mo ní òun ló ń fìyà jẹ wá.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀yin náà lọ síbi tí ẹ ò ti gbédè ẹnikẹ́ni, ẹ máa sunkún."

Mo ní n kò ní sunkún, oúnjẹ ni n óò béèrè.

Ó ní, "Ní èdè wo?"

Ó fa orí wọlé. Obìnrin yẹn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Etí ni. Kì í ṣe ikùn ló ń yọ Ọ̀gá lẹ́nu, etí rẹ̀ ló ń wá nǹkan tí kò rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Omi ẹ̀rọ tó ń dà sínú bàsíà: ó dákẹ́ díẹ̀. Ṣíbí lára ife: ó fi ojú àánú wò mí. Orin tí mo máa ń kọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré: ẹkún pọ̀ sí i, Jẹ́jẹ́ sì ní kí n má bínú, ẹkún fẹ́ẹ̀ gbọ̀n òun náà. Ìròyìn orí rédíò: èmi ni mo sùn.

Ọmọ mi ń kọ́ èdè Ọ̀gá lórí fóònù. Ó gbé fóònù náà ti ògiri bó ti ń fọ abọ́, ó ń tún ọ̀rọ̀ sọ tẹ̀lé e, ọṣẹ wà títí dé ìgúnpá. Láì wẹ̀yìn, ó bi mí:

"Bàbá mi, kí ni wọ́n kó fún yín mọ́ mi nígbà yẹn? Wọ́n kó ìbora àti bọ́ọ̀lù kékeré kan mọ́ eléyìí."

Mo ní aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló wọ̀ dé. Irọ́ náà ti gbó, ó mọ ọ̀nà ẹnu mi dáadáa. Kò nílò ìrànlọ́wọ́ mi mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Inú rédíò kan tó ti kú ni mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí láti ìgbà yẹn, nítorí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò tú u yàtọ̀ sí mi. N kò lè sọ ọ́ nù. Mo ti fi ohùn àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ jẹun jù láti sọ ohùn ẹnìkan sí ààtàn. Ìyẹn kì í ṣe àwíjàre. Ẹni tó ti ènìyàn mọ́lé tí kò pa á, onítìmọ́lé náà ni.

Rọ́bà inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mi ti yọ́ bí oje igi. Mo gé òmíràn lára rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́. Mo fi òwú àti sípírítì nu ibi tó ń ka téèpù. Inú mi dùn bí mo ti ń ṣe é, ojú sì tì mí pé inú mi ń dùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọ́n gbé Ọ̀gá jáde. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà.

Ìyá inú rẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí ju ọmọ mi lọ báyìí! N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú mìíràn, ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín ọmọ kan (ọmọ mi), ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ òtẹ́ẹ̀lì yẹn ni mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé ó ń ráhùn. Pé ó ń fi ẹni tí yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ ré. Báyìí, kò dá mi lójú mọ́. Ohùn rẹ̀ kò rorò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Èmi àti Ọ̀gá nìkan la wà nílé ní ọ̀sán, àwọn méjèèjì lọ síbi iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì.

Ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó rákò lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà náà ló ṣe ohun tí n kò retí: ó la ọwọ́ sílẹ̀, ó ya gbogbo ìka rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó gbé e síwájú ẹ̀rọ náà, ó ń dúró. Kí ló ń dúró dè? Mo fi bisikíìtì sí i lọ́wọ́. Ó jù ú nù, ó tún la ọwọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ọwọ́ yẹn tún ni. Ibi kan náà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ọwọ́ alágbe, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Ó ya ìka bí ẹni tó fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́. Mo ro ó títí, kò yé mi. Ó sì dà bíi pé mo ti rí i rí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀gá kò sunkún láti àná. Ọmọ mi ní, "Bàbá mi, ọwọ́ yín tù ú o. Kí lẹ̀ ń ṣe fún un?" Mo ní àṣírí àgbà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ní kí n kọ́ òun, kí ọmọ náà lè fẹ́ràn òun díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣàwàdà, ojú rẹ̀ kò ṣe é. Aránṣọ ní mo ti di alágbàtọ́, ó bi mí pé ṣé n óò gba ọmọ ti òun náà mọ́ ọn.

Mo jẹun yó lálẹ́ yìí. Ìyìn dùn. Mo jí ohùn ìyá tó bí ọmọ mi gbé, mo wá ń fi ohùn náà gba ọpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Rọ́bà tí mo fi ọwọ́ mi gé yọ̀. Ẹ̀rọ gbé téèpù mì. Ó tú jáde bí ìfun ẹran, Ọ̀gá sì wà lẹ́sẹ̀ mi tó ń nawọ́ sí i. Mo fi pẹ́ńsù ká a padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan ti rún wómúwómú. Kò gùn ju ìka mi lọ. Mo gé e kúrò, mo lẹ ẹnu méjèèjì pọ̀. Nígbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, ohùn náà fo níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ti lọ nínú ẹnu ìyá náà, kò sì sí ibòmíràn tí ohùn rẹ̀ kù sí láyé. Bí mo bá sì kú ní àárọ̀ ọ̀la, wọn óò kó rédíò tó ti kú dànù pẹ̀lú ohun tó wà níkùn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí. N kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ti sọ ọ́.

Ọmọ mi ń ká aṣọ Ọ̀gá lórí tábìlì. Mo gbé ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì síwájú rẹ̀, mo rò ó láti òtẹ́ẹ̀lì títí dé àṣírí àgbà tí mo fi ń yangàn. Kò dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀wù kékeré kan náà ló ń ká, tó ń tú, tó tún ń ká.

"Màámi mọ̀?"

Mo ní rárá, òun ni mo kọ́kọ́ purọ́ fún.

"Kí ni obìnrin náà ń sọ?"

Mo ní n kò mọ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni rí.

"Ẹ̀yin. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tú aago ara yín wò láti mọ ohun tó ń dún nínú rẹ̀."

Mo fẹ́ bá a tẹ ẹ̀rọ náà. Ó ní kí n fi sílẹ̀, kí n ṣáà fi bọ́tìnì rẹ̀ han òun. Ó gbé ẹ̀rọ sí apá kan, Ọ̀gá sí apá kejì, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ gbé tíì wá fún mi, ó jókòó tì mí, kò sọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi jáde, ojú rẹ̀ tutù fún omijé, ṣùgbọ́n ó rí bí ẹni tí ìṣirò ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

"Bàbá mi, oǹkà ni."

Mo ní kí ni?

"Ení, èjì, ẹ̀ta. Mo kọ́ ọ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìka mi ni obìnrin náà ń kà. Ó ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà mọ eré yẹn. Ó gbé ìka tirẹ̀ kalẹ̀ níwájú ẹ̀rọ pé kí wọ́n ka tòun náà."

Mo rántí ibi tí mo ti rí ọwọ́ yẹn rí. Ọmọ mi kò sá fún mi ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Ó gbé ìka rẹ̀ kalẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n kà á. Èmi ni mo wà nítòsí tí n kò kà á.

Ó ní, "Ibì kan wà tó fo láti ẹ̀ta sí àrùn-ún."

Mo sọ ti ọjọ́ Ajé fún un.

"Inú ń bí mi sí yín, Bàbá mi. Kò ní tán lónìí."

Mo ní kò yẹ kó tán.

"Ẹ mu tíì yín, ó ti ń tutù."

Ó padà wọlé. Kò ti ilẹ̀kùn tán; bóyá ó gbàgbé. Ohùn náà tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń ka ìka ara mi lórí itan bó ti ń lọ, mo ń dúró de ibi tí mo gé. Ó dé ẹ̀ta. Mo gbọ́ tí bọ́tìnì dún, tí ó dá a dúró. Ọmọ mi sọ ẹyọ tó sọnù náà fúnra rẹ̀, ní èdè yẹn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Bọ́tìnì tún dún, ọmọ mi sì jẹ́ kí ìyá tó bí i máa kà lọ.