Fáìlì Tí Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Yọ

Màámi, ara mi le, ẹ má ṣèyọnu. Ibi iṣẹ́ tòrò minimini. Kò sẹ́ni tó ń da ẹnì kejì láàmú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, máàpù ọ̀nà tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa obìnrin kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó fa àga sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Fáìlì mẹ́ta ló ń jẹ́ máàpù kan. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ ló yàtọ̀. Èyí mú ìlà ọ̀nà dání, èyí mú orúkọ ọ̀nà, ẹ̀kẹta ń tọ́ka ibi tí kọ̀ọ̀kan wà. Bí ọ̀kan bá dín, kò ní ṣí." Ó yé mi yékéyéké. Láti oṣù mẹ́rin tí mo ti dé, ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó tì mí bẹ́ẹ̀.

Lánàá, mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ̀kan nínú fáìlì mẹ́ta máàpù mìíràn kí n tó fi ránṣẹ́. Ó tún wá. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi.

"Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Èmi ọmọ yín tí kì í gbàgbé nǹkan, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kò bá mi wí. Ó jókòó, ó tún ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá àtàwọn ọmọ wọn. Ẹ ní mo ti ń rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.