Ojú Ìwé Tí A Fọ̀ Mu

Òkè-Ọyì, nítòsí Ìlọrin,
Oṣù Kẹfà, 1963.

Ṣẹ̀fíátù ọmọ mi,

Àsàláámù àlékúmù. Ṣé Kàdúná ò le mọ́ ọ? Ọlọ́run tó fi ọ́ sáàárín àlejò kò ní fi ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo wa wà láàyè. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan ń tiro. Àdíját àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ohun tí mo bá sì sọ ni mo ní kó kọ.

Ìwé tí o yá ní ilé ìkàwé tí o ti ń ṣiṣẹ́, tí o fi rán Veronica ọ̀rẹ́ rẹ sí wa nígbà Iléyá, ti dé. Lẹ́yìn ìrun alásárì ni Àdíját ń kà á, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe nìyẹn. Ìwé náà ní láyé àtijọ́, ọba kọ́ ló ń pàṣẹ, ilé ìkàwé ni. Òun ló ní dógarì tó ń mú èèyàn, òun ló ní ẹṣin. Ìwé tí kò bá fẹ́ kí a kà, á tì í mọ́lé, á máa wá a láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá sì ba ojú ìwé kan jẹ́, wọn á mú ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ fi rọ́pò ojú ìwé náà láàárín àwọn ìwé, títí ayé.

Àdíját ní àròsọ ni, kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo bi í pé ta ló máa fi irú bébà dáadáa yẹn pa irọ́. Ìwọ náà sì ti kọ ọ́ rí pé máígádì wà lẹ́nu ọ̀nà yín, àti pé ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nínú ilé. Mo rò ó títí. Mo ti tó ọgọ́ta ọdún, mi ò mọ orúkọ ẹni tó bí baba baba mi. Àṣé ẹnì kan ló tì í mọ́lé.

Àfi ìgbà tí Àdíját rí òǹtẹ̀ pupa lẹ́yìn ìwé, tó ní ọjọ́ tó yẹ kó padà ti fi ogún ọjọ́ kọjá. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo lọ bá Alfa Jàmàlúdéènì, mo bi í bóyá dógarì lè gba ohun tó wà níkùn èèyàn. Ó ní tí a bá ti fọ wàláà tí a kọ Kùránì sí, tí a mu omi rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbà á mọ́. Mi ò sọ fún un pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ya ojú ìwé tó kẹ́yìn, ibi tí ọmọbìnrin tí wọ́n fi rọ́pò ojú ìwé ti sọ kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé sódò, mo rì í sínú igbá omi. Tàdáwà tiwa tí a fi ń kọ wàláà máa ń ṣí kíá. Ti òyìnbó kọ̀, bébà ló yọ́, tó dà bí ẹ̀kọ mímu. A ṣáà mu ún. Ìyá rẹ ní kò níyọ̀.

Ojú ìwé yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n Àdíját ti kà á fún wa tó ìgbà mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí mi, mi ò fo ọ̀kan.

Nítorí náà, má jẹ́ kí wọ́n mú ọ rọ́pò rẹ̀. Sọ fún ọ̀gá yín pé ojú ìwé náà ò sọnù, ó ń bọ̀. Fi owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ sí mi, àlọ nìkan. Màá mú ẹní mi dání, màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà. Ẹni tó bá kà á dé ìparí, kó fọwọ́ kàn mí, màá sọ ìyókù sí i létí, nítorí ẹ kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àdíját ní kò yẹ ká kọ eléyìí. Mo ní kó kọ ọ́.

Ayé ò ní tì ọ́ mọ́lé. Ohun tí Ọlọ́run kọ sínú rẹ, omi ò ní fọ̀ ọ́ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àúdù.